Àtàǹpàkò Àbúrò Mi àti Ayùn Tó Dá Dúró

Ayùn oníná orí tábìlì dá dúró lójijì ní ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ yìí, àtàǹpàkò àbúrò mi ọkùnrin sì ṣì wà lára ọwọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, èmi, káfíńtà tí àdúgbò ń pè ní Bàbá Tún-un-wọ̀n, tí orí mi pé, tí ẹnikẹ́ni kò fipá mú, fagi lé ìwé ìhágún mi àtijọ́. Ẹ̀yin ajogún mi, àti ìwọ tíṣà, àbúrò ìyàwó mi, tí mo yàn láti pín ogún náà, èyí ni kí ẹ tẹ̀ lé.

1. Ilé di ti ìyàwó mi. Òun ló ń yọ ẹ̀gún igi lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, yóò máa bú mi, yóò sì máa fẹ́ atẹ́gùn sí i.

2. Ewúrẹ́ tó ń sùn sínú lẹ́búlẹ́bú igi di ti tíṣà, kí ó lè mọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gbọ́ràn.

3. Ayùn náà di ti ọmọbìnrin mi. Òun ló ní ká rà á: bí awọ ara bá kan eyín rẹ̀, bíréèkì inú rẹ̀ yóò gbá a mú kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Àbúrò mi bi wá nígbà náà bóyá ayùn la rà ni àbí alágbàtọ́. Lóòótọ́, omi inú pákó tútù a máa tan bíréèkì náà jẹ, yóò rò pé ara èèyàn ni. Àbúrò mi kò sì ní dúró kí pákó gbẹ. Ńṣe ló máa ń pa bíréèkì kó tó rẹ́ ẹ. Láàárọ̀ yìí, ọmọ mi ki kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń pa bíréèkì bọ àpò, ó ní bí Bàbá Kékeré bá fẹ́ ẹ, kí wọ́n wá gbà á. Kò pẹ́ tí a gbọ́ gbàà! Mo sáré débẹ̀. Ayùn ti wọlẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ìlà pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lórí àtàǹpàkò àbúrò mi. Mo jó! Èmi tí orúnkún ń dùn!

Ó ní pákó tútù ló dá a dúró, pé igi ló ha òun. Ọmọ mi ní irọ́ funfun báláú.

4. Ṣọ́ọ̀bù: bí ó bá jẹ́ awọ ara ló dá ayùn dúró, kí ọmọ mi àti àbúrò mi jọ ni ín, torí ẹni tí irin dá sí kò ní pa bíréèkì mọ́. Bí ó bá jẹ́ pákó tútù ni, ọmọ mi nìkan ló ni ín. Kí àbúrò mi gba àtíbàbà tí a ti ń sá pákó, kó máa kọ́ sùúrù níbẹ̀. Ẹ ò rí i pé àfi kó gbàdúrà kí irọ́ rẹ̀ tú! Àwa méjì la jọ kọ́ṣẹ́. Mi ò fẹ́ sin ìka rẹ̀ kí wọ́n tó sin mí.

Oníṣẹ́ ẹ̀rọ ti gbé bíréèkì náà lọ láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá awọ ara ni àbí pákó tútù. Bí mo ti ń fọwọ́ sí ìwé yìí, kò tíì fèsì.

Bàbá Tún-un-wọ̀n
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹfà

Ẹlẹ́rìí: Télọ̀ òdìkejì ọ̀nà, Onífọ́tò ilé kejì