Sí Ìdílé Bàbá Tún-un-wọ̀n: Ọpẹ́ Ọdún Mẹ́sàn-án, àti Ọ̀rọ̀ Kan tó Yẹ Kó Ti Dé Etí Ìyá

Sí Ìyá wa, ìyàwó olóògbé, àti sí àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta,

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo, ṣùgbọ́n tí ọpẹ́ inú rẹ̀ ju ẹkún lọ, ni gbogbo àwa òṣìṣẹ́ Ilé Ìwádìí Ẹ̀rọ Ìwọ̀n fi kọ ìwé yìí sí yín, nítorí ọkọ yín àti bàbá yín tó sinmi lórí àga rẹ̀ nílé lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi bá wa ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ méjì ni ilé wa ń ṣe: à ń ṣe ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ àyà aláìsàn láti máa ṣọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, a sì ń bá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ sátẹ́láìtì kéékèèké tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ nípa ojú ọ̀run. Nínú iṣẹ́ méjèèjì, kò sí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kò sí.

Ìyá wa, nígbà tí àwa mẹ́rin wá kí yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ fún wa ní àga, ẹ fún wa lómi, lẹ́yìn náà lẹ wá sọ pé iṣẹ́ wa ló gba ọkọ yín lọ́wọ́ yín, pé ó tọ́jú ọkàn gbogbo ayé títí tirẹ̀ fi dákẹ́. Ẹ kò pariwo. Ì bá sàn fún wa ká ní ẹ pariwo. Ilẹ̀ la kàn ń wò bí ọmọ tó fọ́ àwo. Ìwé yìí ni èsì wa. Kì í ṣe àwíjàre o. Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí Bàbá fúnra rẹ̀ ti sọ fún yín láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, tí kò sọ, tí àwa náà sì bá a pa mọ́. Nígbà tí a ṣèpàdé lórí ìwé yìí, àwọn kan ní ká jẹ́ kó sùn bẹ́ẹ̀. Èmi tí mò ń kọ ọ́, tí mo jẹ́ olórí ilé iṣẹ́ yìí lónìí, tí Bàbá sì kọ́ níṣẹ́ láti orí bí wọ́n ṣe ń di wáyà mú, èmi ni mo ní kò ní sùn.

Bàbá Tún-un-wọ̀n là ń pè é. Bí o bá gbé nǹkan wá, tó o ní o ti wọ̀n ọ́n, á wò ọ́ látòkè délẹ̀, á ní, “Ó dáa. Tún un wọ̀n.” Bí o bá wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á ní kí ẹlòmíràn bá ọ wọ̀n ọ́n. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń rò pé ó fẹ́ fìyà jẹ wọ́n ni. Tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní òkè kejì. Okùn bàtà ló fi so awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá mọ́ ọrùn. Inú agolo mílíìkì ló ń kó ìṣó àti bátìrì sí, ó sì lẹ bébà mọ́ agolo kọ̀ọ̀kan. Tíì tó bá pò kì í mu ún títí tí yóò fi tutù. Òun ló gbé òfin kan kalẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rú: ẹ̀rọ ọkàn kankan kò gbọ́dọ̀ dé ara aláìsàn bí ẹni tó ṣe é kò bá tíì so ó mọ́ àyà ara rẹ̀ fún ọjọ́ méje gbáko, bó ń ṣiṣẹ́, bó ń jẹun, bó ń gun àtẹ̀gùn. Ó ní ohun tí o kò bá lè so mọ́ àyà rẹ, má so ó mọ́ ti ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ lè má mọ̀ pé, nígbà tí à ń ṣe ẹ̀rọ àkọ́kọ́, ọjọ́ márùn-ún ló fi jókòó lórí àga onígi kan ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Kò wọ̀n nǹkan kan. Ọwọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ló ń wò. Ó padà dé, ó ní gbogbo bọ́tìnnì tí a ṣe ló kéré jù, ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ kò lè tẹ̀ ẹ́ dáadáa, àti pé ariwo tí ẹ̀rọ náà ń pa ń dẹ́rù ba aláìsàn ju àìsàn lọ. Oṣù mẹ́ta la fi tún un ṣe. A kùn, a kùn, ó sú wa. Ṣùgbọ́n lónìí, nọ́ọ̀sì tó bá gbé ẹ̀rọ náà kò ní láti bi ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń lò ó, aláìsàn sì lè sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó wá di ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. A ṣe ẹ̀rọ tuntun kan tí kò ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ, ó sì kan Bàbá láti so ó mọ́ àyà. Ní ọjọ́ kẹta, ìlà tó ń jáde lórí bébà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ọkàn á sáré, á dúró díẹ̀, á tún fò, pàápàá láàárọ̀ tó bá gun àtẹ̀gùn wá bá wa lókè. Bàbá wo bébà náà, ó mú bírò, ó kọ ọ́ sí etí rẹ̀ pé: Ẹ̀rọ yìí ń purọ́. Bí wàhálà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni èmi àti òun fi tú ẹ̀rọ tí kò ṣe wá ní nǹkan kan. A pààrọ̀ wáyà. A pààrọ̀ bátìrì. A ní fáànù ló ń dà á láàmú, la bá pa fáànù, òógùn bò wá. A ní bóyá ẹ̀wù náílọ́ọ̀nù tó wọ̀ ni. Ó lọ wọ ti òwú. Gbogbo ibi tí a ti fi òjé jó wáyà pọ̀, a tún un jó. Èmi ni mo di sukudiráfà mú. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá láti wo ojú ẹni tó ń pàṣẹ fún mi, tó ń mí gúlegúle lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ wa á ní, họ́wù, gbogbo ìmọ̀ yẹn ńkọ́? Àṣìṣe àwa oníṣẹ́ ìwọ̀n nìyẹn. Ẹ̀rọ la máa ń kọ́kọ́ fura sí, nítorí àwa la ṣe é. Ọ̀bẹ kì í sì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀.

Nígbà tó rẹ̀ wá, Bàbá lo òfin ara rẹ̀: ó ní kí ẹlòmíràn bá òun wọ̀n ọ́n. A so ẹ̀rọ náà mọ́ àyà mi. Ìlà náà jáde, ó gún régé. A so ó mọ́ àyà obìnrin tó ń bá wa tọ́jú ilé, ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Tirẹ̀ tilẹ̀ dáa ju tèmi lọ, ó sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. A dá a padà sí àyà Bàbá. Ségesège. Obìnrin náà ló kọ́kọ́ lanu. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ẹ dìde ká lọ sí ilé ìwòsàn.” Bàbá fa bébà náà mọ́ra, ó kọ nǹkan sí i. Mo rò pé aago ló ń kọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, wọn kò bára mu. Èmi ni mo wa mọ́tò. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò kò jẹ́ kó padà sílé lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré kan sí àyà rẹ̀. Ó ní bó bá fi oṣù kan sí i, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à bá máa sọ.

Ìyá wa, ohun tó sọ fún yín ni pé ilé iṣẹ́ ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí nǹkan kékeré kan. Irọ́ ni. Àyẹ̀wò kankan kò sí. Ìdí tó fi purọ́ ni pé odindi oṣù mẹ́rin ṣáájú ìgbà yẹn lẹ ti ń sọ fún un. Fúnra rẹ̀ ló rò ó fún wa lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ó ń rẹ́rìn-ín, ojú sì ń tì í. Ó ní ẹ rí òun bí òun ṣe ń dúró ní ìdajì àtẹ̀gùn ilé yín, tí òun ń ṣe bí ẹni tó ń wo fọ́tò ìgbéyàwó yín lára ògiri. Ẹ ní fọ́tò tó ti wà níbẹ̀ láti ogún ọdún, kí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń wá nínú rẹ̀? Ẹ ní kó lọ rí dókítà. Òun wá dá yín lóhùn pé ẹ̀rọ wo lẹ fi wọ̀n ọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún títí. Ó bẹ̀ wá pé ká jẹ́ kí òun fi ẹnu ara òun sọ ọ́ fún yín. Lọ́dọọdún là ń bi í. Lọ́dọọdún ló ń ní ó di ọ̀la. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Ti Bàbá kò tiẹ̀ tó ogún.

Kò sọ ọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọdún kejì tó padà sẹ́nu iṣẹ́, sátẹ́láìtì kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá wa kọ́ gòkè lọ, àpótí tí kò ju odindi búrẹ́dì kan lọ. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti ń ránṣẹ́ sí wa pé bátìrì òun tutù jù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun tó ń wọ̀n òtútù ló bàjẹ́. Wọ́n ti fẹ́ fi ìlà pa nọ́ńbà náà rẹ́ nínú ìwé. Bàbá dìde, ó ṣí bọ́tìnnì méjì lókè ẹ̀wù, ó fi àpá iṣẹ́ abẹ àyà rẹ̀ hàn wọ́n, ó sì sọ ìtàn ọ̀sẹ̀ méjì wa láìbu ìtìjú kankan kúrò níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n tó pe ẹ̀rọ ní onírọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn bóyá àwọn ni kò fẹ́ gbọ́. Wọ́n tún un wọ̀n. Òótọ́ ni: ẹ̀gbẹ́ tí bátìrì wà kì í rí oòrùn tó. Wọ́n ránṣẹ́ sókè pé kó pa kámẹ́rà rẹ̀, kó máa fi iná yẹn mú bátìrì gbóná. Oṣù mẹ́fà la ní kó lò. Ọdún mẹ́ta ló lò kó tó parí iṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyẹn ti di òṣìṣẹ́ wa, òun ni yóò máa jókòó sí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé láti ìsinsìnyí lọ. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kó agolo mílíìkì wọ̀nyẹn kúrò.

A kò ní bá yín jiyàn pé iṣẹ́ wa kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Ó gbà. A mọ iye ìgbà tó jókòó sídìí oúnjẹ yín tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wáyà. A pè é lórí fóònù lọ́jọ́ ìsinmi. A pè é lọ́jọ́ tí àbígbẹ̀yìn yín gba ìwé ẹ̀rí, ó sì jáde síta láti dá wa lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì wá. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà yẹn ló dá a padà fún yín fún ọdún mẹ́sàn-án. Nínú ọdún mẹ́sàn-án náà ló rí ìgbéyàwó àkọ́bí yín, ló gbé ọmọ-ọmọ méjì, tó fi fọ́tò wọn yọ wá lẹ́nu títí tí àwa náà fi mọ eyín tó ti ká lẹ́nu wọn. Láti ìgbà tó ti tilé ìwòsàn dé, aago mẹ́rin kì í bá a lórí àga mọ́. Á ní ìyàwó òun ti wọ bàtà, àwọn fẹ́ jọ rìn yí àdúgbò ká. A máa ń kùn nígbà náà. Lónìí, inú wa dùn sí gbogbo aago mẹ́rin yẹn. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ẹ yá wa ní ọkọ àti bàbá fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. A dúpẹ́, a tún ọpẹ́ dá.

A ṣèlérí pé òfin ọjọ́ méje kò ní yí padà níwọ̀n ìgbà tí ilé yìí bá wà. Lóṣooṣù, nọ́ọ̀sì kan yóò máa ti ọ̀dọ̀ wa wá wo àyà Ìyá wa, ẹ̀rọ tí Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni yóò sì máa gbé wá. Bí àbígbẹ̀yìn bá ṣì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ bàbá rẹ̀, àga kan ń dúró dè é lọ́dọ̀ wa. Ohun kan tún kù. Lórí fọ́ọ̀mù tó ń bá gbogbo ẹ̀rọ wa lọ sí ilé ìwòsàn, Bàbá fi ìbéèrè kan sókè pátápátá, ṣáájú ọjọ́ orí, ṣáájú oògùn: Kí ni ará ilé ti rí? Àwọn dókítà kan ní kí nìyẹn ń wá níbẹ̀, wọ́n ní ká yọ ọ́. Bàbá kọ̀ jálẹ̀, kò sì sọ ìdí. A kò ní yọ ọ́ láéláé, nítorí a ti wá rí ìdí rẹ̀.

Inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ la ti rí i nígbà tí à ń kó ẹrù rẹ̀ jọ lọ́jọ́rú. Bébà ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni, ó ká a sínú ọ̀rá kó má baà ṣá, a sì fi sínú àpò ìwé yìí fún yín. Ẹ ó rí ìlà ségesège náà. Ẹ ó rí ibi tó ti kọ ọ́ pé ẹ̀rọ yìí ń purọ́, tó sì fi bírò pupa fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀, kó tó dìde lórí àga láti lọ sí ilé ìwòsàn, ni ọ̀rọ̀ tí a jẹ yín láti ọjọ́ yìí. Ẹ ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀: Ẹ̀rọ kò purọ́. Ìyàwó mi ti rí i ṣáájú ẹ̀rọ.

Ìyá wa, kí Ọlọ́run tó fún yín ní ojú tó ríran bẹ́ẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu omijé inú rẹ̀ nù. Kó di àwọn ọmọ yín mú. Bí ẹ bá sì dúró ní ìdajì àtẹ̀gùn níwájú fọ́tò yẹn, kó dúró tì yín níbẹ̀ títí ẹ ó fi dé òkè. Àmín.

Olórí Ilé Ìwádìí Ẹ̀rọ Ìwọ̀n,
ní orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́