Irun Ta Ló Dí Básínì?

Bùọ̀dá Gbádé,

Ẹ káàárọ̀ o. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí omi kò ti lọ ní básínì ilé ìwẹ̀. Ẹ ní n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, pé obìnrin kì í tú páìpù, kí n dúró de púlọ́ńbà yín. Mo ti tú u kí n tó jáde lọ Yábàá. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ páìpù tó tẹ̀ bí ìwọ̀ yẹn, mo fọwọ́ yí i, ó sì tú.

Irun mi lẹ ní ó dí i, àbí? Èmi tí mo ti gé tèmi mọ́lẹ̀ láti Àjíǹde! Irungbọ̀n yín ni mo fà jáde, ewú ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń búra pé ẹ ò tíì hu ẹyọ kan! Ó wà nínú ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé yìí.

Tówẹ̀lì yín ni mo fi nu ilẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Bí páìpù bá ń kán, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi yí i kó le. Sípánà á fọ́ ọ.

Bí púlọ́ńbà yín bá dé lónìí, ẹ má lé e o. Ẹ ní kó wá fọwọ́.

Máyọ̀kún