Ògiri Yàrá Màmá Tó Ń Mumi

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá.

Bọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú àìrí ara wa. Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó yín wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn yín, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ní tiwa, a dúpẹ́; ikọ́ Màmá nìkan ni kò tíì lọ tán.

Ọ̀rọ̀ ògiri yàrá wọn tí mo kọ sí yín ti gba ibòmíràn yọ. Ẹ rántí pé ọ̀rinrin ti gun ògiri náà dé ìbàdí èèyàn, ọ̀dà ń ṣí, ohun funfun kan bí iyọ̀ sì ń yọ lára rẹ̀. Baálé ilé kejì ni mo kọ́kọ́ fura sí, nítorí balùwẹ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Mo ń yọjú wo gọ́tà rẹ̀ láràárọ̀ títí ìyàwó rẹ̀ fi bi mí bóyá nǹkan mi ló bọ́ síbẹ̀. Gọ́tà wọn kò jò rárá.

Ìgbà náà ni mo wá fura sí àbúrò wa. Ó ní ilé Bàbá ti jẹrà, kí a tà á, kí Màmá máa bá òun gbé. Ọkàn mi kò gbà á. Èmi àti Màmá la jọ wà nínú ilé yìí láti ìgbà tí Bàbá ti kú. Agbaṣẹ́ṣe tó mú wá fi ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n fi ń wá ọ̀rinrin tẹ ògiri, ẹ̀rọ ké, ó ní àfi kí a wó o. Kò tilẹ̀ yọjú wo ẹ̀yìn ilé! Mo ní hẹn-ẹn, bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Mo ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Mo fi téèpù lẹ ọ̀rá mọ́ ògiri, mo dí gbogbo etí rẹ̀ pa. Nígbà tí mo padà wò ó, ojú ọ̀rá tó kọjú sí yàrá gbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń làágùn. Kì í ṣe ooru inú yàrá ló ń di omi sára ògiri nìyẹn. Inú ògiri ni omi ti ń wá. Mo bá gba ẹ̀yìn ilé lọ. Bọ̀dá, kọnkéré tí àbúrò wa ní kí wọ́n dà sí àgbàlá ní ìdunta ga ju ilẹ̀ yàrá Màmá lọ! Wọ́n sì tún fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ìdí ògiri. Ògiri àtijọ́ tó ki ni, kò ní àlàfo nínú. Bí òjò bá rọ̀, omi á dúró tì í, á mu ún, sìmẹ́ńtì ò sì ní jẹ́ kó gbẹ. Mo ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó lè lé ìyá wa jáde ni.

Mo ránṣẹ́ pè é. Mi ò jẹ́ kó jókòó tán tí mo fi da ọ̀rọ̀ bò ó. Ó ní, "Àǹtí, ìgbà tí Màmá yọ̀ ṣubú nínú ẹrẹ̀ ni mo da kọnkéré yẹn. Ṣé ẹ ti gbàgbé ni?" Mo ti gbàgbé lóòótọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ pe bíríkìlà. Wọ́n gé kọnkéré kúrò létí ògiri, wọ́n gbẹ́ kòtò tóóró síbẹ̀, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n sì ha sìmẹ́ńtì náà kúrò kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí ara ògiri. Ó ti ń gbẹ díẹ̀díẹ̀.

Mo sáré wọlé lọ sọ fún Màmá pé kò sẹ́ni tó máa lé wọn kúrò mọ́. Wọ́n ń ká aṣọ wọn sínú àpótí. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò fẹ́ lọ? Ẹ ń jà lórí ògiri, kò sẹ́ni tó bi mí. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ni mo fẹ́ máa jí rí." Mo wo ojú wọn dáadáa bóyá àbúrò wa ló kọ́ wọn sọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn, Bọ̀dá. Ó dùn mí wọra.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, kí ẹ sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ gba ilé àbúrò wa lọ kí Màmá. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá sùn lọ́dọ̀ mi. Ilé ti ń gbẹ, yàrá sì pọ̀.

                                        Èmi ni tiyín, àbúrò tí ẹ sọ ní
                                        Ojú-Lalákàn.