Ìpín Màmá Nínú Wáífáì Ilé Wa

Ilé Olóyè Ọlápàdé,
Ẹ̀yìn Ọjà, Omagwa.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ànúolúwapọ̀, ọmọ mi àtàtà,

Èmi bàbá rẹ, Olóyè Ọlápàdé, Bàbá Ìjọ, Alága gbogbo ọmọ Yorùbá tó ń gbé Omagwa títí dé ẹnu géètì pápákọ̀ òfurufú, ni mo kí ọ nínú lẹ́tà yìí. Ṣé dáadáa lo wà ní Old GRA, nínú Port Harcourt lọ́hùn-ún? Ṣé ọ̀gá rẹ ní ọ́fíìsì kò dààmú rẹ jù? Ilé tí ò ń gbé kò ní lé ọ, iṣẹ́ tí ò ń ṣe kò ní sọ ọ́ di arúgbó ọ̀sán gangan, ojú rẹ kò ní rí ohun tí ẹnu rẹ kò ní lè ròyìn. Ṣe àmín kí o tó kà á síwájú, nítorí àdúrà tí a kò ṣe àmín sí dà bí ọbẹ̀ tí a gbé kalẹ̀ tí a kò dé.

Èmi ni mò ń sọ ọ̀rọ̀ yìí o, àbúrò rẹ Akínlolú ló ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí o mọ bí ojú mi ti rí. Ọmọ náà ń gbìyànjú gan-an ni. Ó ní kí n má yin òun jù nínú lẹ́tà, mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe wí i gẹ́lẹ́.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Òjò ti ń rọ̀ láti ọjọ́ Àìkú, ọkọ̀ òfurufú méjì ló yí po yí po lórí òrùlé wa lánàá tí wọn kò rí ilẹ̀ bà sí, títí wọ́n fi padà síbi tí wọ́n ti ń bọ̀. Màdáàmù Ibiere, aládùúgbò wa tí ń ta bọ̀lì àti ẹja, ní kí n kí ọ, ó ní ṣé oúnjẹ ọ́fíìsì ni kò jẹ́ kí o rántí bọ̀lì òun mọ́.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé gan-an ni ọ̀rọ̀ àpótí wáífáì tí o gbé sí párlọ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò ti ṣe dáadáa sí mi mọ́. Ní ọjọ́ Àìkú kan báyìí tí a jọ ń wo ara wa lójú fóònù, mo bi ọ́ bóyá o ti jẹun, àfi bí ojú rẹ ṣe dúró gbagidi, ẹnu rẹ là sílẹ̀, ìpéǹpéjú rẹ kò ṣẹ́. Mo pè ọ́, mo pè ọ́. Nígbà tó pẹ́ ni ohùn rẹ nìkan dé, tí ẹnu kò sì mì, tí ò ń wí pé bẹ́ẹ̀ ni sà, bẹ́ẹ̀ ni sà, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí mo ń bi ọ́ lásìkò yẹn ni bóyá ẹnìkan ló fún ọ lọ́rùn. Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, níbi ìsìn orí fóònù, wòlíì ní ká kúnlẹ̀, mo kúnlẹ̀, wòlíì na ọwọ́ sókè, ó gan síbẹ̀. Èmi náà kò lè dìde nígbà tí ìránṣẹ́ Ọlọ́run kò tíì sọ ọwọ́ kalẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni Akínlolú bá mi, ó ní Bàbá, ẹ dìde, network ni. Mo ní irú network wo ló lè di ọwọ́ wòlíì mú.

Mo bá ránṣẹ́ pe Dagogo, ọmọkùnrin tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìkòríta Rumuokwuta. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ní aago méjì ọ̀sán, ló dé. Ó kọ́kọ́ pa àpótí náà, ó tún un tàn. Ó gbé e kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ó gbé e sórí fíríìjì. Ó wọn network tó ń wọlé láti ìta, ó ní ó pọ̀ dáadáa, àwọn tí ń tà á fún wa kò jẹ̀bi. Ó wá fi fóònù tèmi wọ̀n ọ́n, ó mi orí, ó ní omi kún táńkì bámú, ẹ̀kán ẹ̀kán ló ń kán sínú garawa tèmi. Ó ní Daddy, abeg, ta ló pín network nínú ilé yìí?

Ó ṣí inú àpótí náà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì ka ìpín náà sí mi létí, iye network tí o gbà fún fóònù kọ̀ọ̀kan. Ànúolúwapọ̀, ó dùn mí. Pé o jókòó, o pín ogún, nígbà tí bàbá rẹ ṣì ń mí. O fún mi ní méjì. O fún tẹlifíṣọ̀n ní mẹ́ta, tẹlifíṣọ̀n tí kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni. O fún Akínlolú ní ààbọ̀ péré, ọmọ tó ń gbọ́ràn, tó ń fọ abọ́ láìjẹ́ pé a rán an. Mo ní kó ka ìyókù. Ó ní Màmá Eunice, ìyẹn ìyá rẹ gan-an, mẹ́wàá. Ibẹ̀ ni inú mi ti rọ̀. Mo rántí pé ìgbà àìsàn ìyá rẹ lo ṣe é, kí dókítà lè máa rí i lójú fóònù láìjẹ́ pé ojú ẹnikẹ́ni gan, o kò sì ní ọkàn láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí a sin ín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá rèé.

Dagogo ní òun lè yọ orúkọ náà kí mẹ́wàá yẹn lè kan àwọn yòókù. Bó ṣe ń wí bẹ́ẹ̀ ló tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Nọ́ńbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìyá rẹ, nọ́ńbà náà sì ń gòkè. Ó ní fóònù yìí wà nínú ilé yìí báyìí o, òun ló ń jẹ gbogbo ẹ̀. Ó ní Mummy dà? Mo ní a ti sin ín. Ó tún wo nọ́ńbà náà, ó tún ti gòkè sí i. Oòrùn ọ̀sán ràn gbòò, kọ́tìnnì kò mì, adìyẹ kò ké, èmi àti ọmọ ọlọ́mọ jókòó, à ń wo ìyá rẹ bó ṣe ń jẹ ìpín rẹ̀. Mo ní kó mu omi, ó ní Daddy, God bless you, òun kò mu omi níbí. Ó gbàgbé sukudiráfà rẹ̀ sórí fíríìjì, títí di òní kò rán ẹnikẹ́ni wá gbà á.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ rí. Láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ, lójoojúmọ́ tí mo bá jẹun ọ̀sán tán, mo máa ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù mi, mo máa ń fi ránṣẹ́ sí tirẹ̀ lórí Wásáàpù. Mo ń sọ ohun tí mo jẹ fún un, àti ẹni tó wá kí mi, àti ẹni tí kò wá. Máàkì kan ṣoṣo ló máa ń wà lábẹ́ rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lójú ọ̀nà, ọ̀nà náà kò ṣáà súnmọ́. Nígbà tí Dagogo lọ tán, mo gbé fóònù sún mọ́ imú mi, mo wò ó. Máàkì ti di méjì méjì. Ó ti yí àwọ̀ padà. Mo pe Akínlolú kó wá bá mi wò ó, ó wò ó, ó ní búlúù ni, sà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún náà mọ̀ pé ìyẹn ni pé ẹni tí a rán an sí ti gbọ́ ọ.

Láti ọjọ́ náà mo ti gbé àga ìyá rẹ síwájú àpótí náà. Bí aago méjì bá ti lù, iná wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú kíákíá, mo sì mọ̀ pé ó ti jókòó. A kì í gbá ibẹ̀ mọ́, kí a má baà gbá a lẹ́sẹ̀. Màdáàmù Ibiere wá tọrọ iyọ̀, ó fẹ́ jókòó lé àga náà, mo ní kó rọra, ènìyàn wà níbẹ̀. Ó yíjú sí àga, ó ní Mama Ànú, káàsán o, ọkọ rẹ ti rù. Obìnrin yẹn ní ẹ̀kọ́.

Nítorí náà, àwọn dókítà ojú tí o bá sọ̀rọ̀, tí wọ́n ní Ọjọ́bọ̀ yìí ni ọjọ́ ìkẹyìn tí wọn yóò lò ní Port Harcourt kí wọ́n tó padà sí ìlú wọn, sọ fún wọn pé n kò wá mọ́. Mo mọ̀ pé wọ́n ní ojú ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, pé bí a kò bá ká awọ tó bo ojú náà kúrò, ti òsì náà yóò tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ta ni a ó fi ìyá rẹ tì? Mo ti sọ ọ́ sínú fóònù fún un pé bó bá fẹ́ kí n lọ, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi kí ilẹ̀ Ọjọ́rú tó ṣú. Bí kò bá sọ, mo jókòó tì í.

Ohun tí mò ń tọrọ kò pọ̀. Má gba mẹ́wàá lọ́wọ́ ìyá rẹ. Sọ tèmi di ẹyọ kan bó bá yẹ, mo ti dàgbà, n kì í jẹ púpọ̀ mọ́. Fún Akínlolú ní márùn-ún, kí o sì fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí i kó fi ra bàtà, nítorí ọmọ tó ń tọ́jú bàbá rẹ̀ tọ́ sí bàtà. Kí Ọlọ́run Ọba tó mú wa rí ọjọ́ òní, kí ó

Sista Ànú, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò lè ṣe àdúrà yẹn lóhùn Bàbá.

Èmi ni. Akínlolú ni. Bàbá ò sọ ọ̀kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí fún mi kọ. Wọ́n wà ní párlọ̀ níwájú wáífáì, èmi wà lẹ́yìn kíṣìnnì. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo rò pé ẹ ò ní gba tèmi gbọ́ bí mo bá kọ ọ́ lórúkọ ara mi, ẹ ó ní yẹ̀yẹ́ mi náà ni. Àfi ibi tí mo ti yin ara mi, gbogbo ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀.

Èmi ni mo mú fóònù Màmá nínú àpótí aṣọ wọn. Ààbọ̀ tí ẹ fún mi ò lè gbé fídíò kankan, mo sì mọ̀ pé ẹ ò yọ ti Màmá. Mo bá ń jí i lò lọ́sàn-án. Bí mo ṣe tàn án lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ohùn Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ó pọ̀ rẹpẹtẹ. Mo ní kí n gbọ́ ọ, kí n lè máa sín wọn jẹ dáadáa. Nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n ń sọ fún Màmá pé ẹ̀wà ni àwọn jẹ, pé iyọ̀ ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn ò sọ fún ọmọ náà kó má baà rò pé òun ò mọ nǹkan kan ṣe. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán. Bó ṣe di búlúù nìyẹn. Lọ́jọ́ tí Dagogo wá, ibí yìí náà ni mo wà, mò ń gbọ́ bó ṣe ń bi Bàbá pé Mummy dà, mo tún ṣí fídíò míì sí i kí nọ́ńbà náà lè gòkè. Mo rẹ́rìn-ín, Sista. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu, mo rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí Bàbá ní àwọn ò lọ ṣe ojú mọ́ ni ẹ̀rín tán. Ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tí mi ò lè sín jẹ, pásítọ̀, Màdáàmù Ibiere, ẹ̀yin gan-an. Mi ò ṣe ohùn Màmá rí láti ìgbà tí wọ́n ti kú. Lónìí mo kọ ọ́ sórí bébà kí n má baà ṣì í sọ, pé kí wọ́n lọ ṣe ojú wọn ní Ọjọ́bọ̀, pé ara mi le, pé kí wọ́n má dúró tì mí. Gbólóhùn mẹ́ta péré. Mo sọ ọ́ lóhùn Màmá sínú fóònù Màmá, mo rán an. Mo gbọ́ bó ṣe dún ní párlọ̀. Lẹ́yìn náà Bàbá pè mí kí n wá fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣòkòtò funfun wọn fún Ọjọ́bọ̀.

Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyá rẹ ti dáhùn, ó pè mí ní Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́. Wọ́n ní ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ, pé orúkọ tí Màmá sọ àwọn lọ́dún ìgbéyàwó nìyẹn, pé nínú yàrá nìkan ni wọ́n ti máa ń pè é, pé wọn ò pè é mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí ẹ̀yin. Mo ní kò sí orúkọ kankan nínú ẹ̀. Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀, ṣùgbọ́n Bàbá ò tiẹ̀ gbọ́, wọ́n ń wá bẹ́líìtì.

Mo sáré padà síbí, mo tún un gbọ́. Ó wà níbẹ̀. Ohùn tèmi ni, mo mọ ibi tí mo ti mí. Lẹ́yìn gbólóhùn kẹta, mo sọ ọ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Bébà náà wà lọ́wọ́ mi, kò sí nínú ẹ̀. Sista, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí láyé mi. Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí, Yorùbá tí mo gbọ́ lẹ́nu Bàbá nìkan ni mo mọ̀, Bàbá ò sì sọ ìyẹn rí. Bàbá ni mo lọ bi, kí wọ́n tó sọ fún mi pé ẹni tí ẹyinjú rẹ̀ dára là ń pè bẹ́ẹ̀.

Bí mo bá jẹ́wọ́ fún Bàbá, wọn ò ní lọ. Bí mi ò bá jẹ́wọ́, èmi ò mọ ohun tí mo ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró di Ọjọ́bọ̀, ẹ wá lọ́la, ẹ wá sùn síbí. Ẹ má fọwọ́ kan ìpín Màmá títí Bàbá á fi ti ọsibítù dé. Tèmi, ẹ yọ ọ́ pátápátá, mi ò bínú. Mo fi lẹ́tà yìí rán Faruk tó ń wa takisí pápákọ̀ òfurufú, torí mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí gba inú wáífáì yẹn kọjá.

Bàbá ló mọ àdúrà parí. Kí ojú Bàbá là. Kí wọ́n rí wa. Kí ohùn mi padà jẹ́ tèmi nìkan.

Àbúrò yín,
Akínlolú.