Àdúrà Tí A Kò Ṣe Àmín Sí

                                        Ojúlé Kejìlá,
                                        Adéwọlé,
                                        Ìlọrin.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Munirah, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ibà ọkọ rẹ ti lọ? Àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá àti oko ẹ̀pà wọn ní Òkè-Òyì ńkọ́? Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká gbúròó aburú nípa ara wa. Ara tèmi le koko, inú nìkan ló ń ru.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, pé kí n jìnnà sí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. O ṣeun o, ìyá oníwàásù! Gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ná.

O rántí Husseinat tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ bisikíìtì kí o tó lọ́kọ? Ẹ̀rọ gé e ní ìka. Ó ti pẹ́ tí a ti ń pariwo pé ẹ̀rọ yẹn ti bàjẹ́. Àmọ́ Alhaji tó ni ilé iṣẹ́ ní àìfarabalẹ̀ rẹ̀ ló fà á, kó dá wá sí ọ́fíìsì òun wá wí tẹnu ẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá wọ ibẹ̀ rí tí wọn ò lé. Ẹnìkan kì í kúkú jẹ́ àwá dé. Bí a ṣe lọ forúkọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ́ òṣìṣẹ́ nìyẹn, a ní aṣojú ni yóò bá a wọlé. Èmi ni wọ́n yàn.

O mọ̀ pé láàárọ̀ Àtìní, Alfa máa ń ṣàdúrà fún wa ká tó tan ẹ̀rọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ṣàdúrà ìṣọ́, ó ṣe ti arísìkí, à ń ṣe àmín kíkankíkan. Alhaji wá sọ nǹkan sí i létí. Ni Alfa bá ní, "Ẹni tó bá fẹ́ kó ẹgbẹ́ òde wọlé yìí, Ọlọ́run má jẹ́ ó rójú!"

Sàlíhù tó ń po ìyẹ̀fun, tí àmín ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dé ọjà Ìpàta, òrùlé ló ń wò. Alhaji fara ya. "Ṣé ẹ ò gbọ́ àdúrà ni?"

Mo ní, "A gbọ́, sà. Àmọ́ èpè nìyẹn, èèyàn kì í ṣe àmín sí èpè ara ẹ̀."

Alfa rọra ká tẹ̀súbáà rẹ̀, ó ní òun ń lọ síbi ìkómọ kan.

Alhaji ní ẹbí kan ni wá, pé ẹbí kì í lo aṣojú. Irọ́ gbuu! Lọ́jọ́ yìgì rẹ, ṣé bàbá rẹ kọ́ ni wàlíyì tó gbẹnu sọ fún ọ ni? Ẹni tó ń lọ sílé ọkọ ní aṣojú, kí ẹni tí ẹ̀rọ gé níka wá dá rojọ́? Òfin ló fún wa lẹ́tọ̀ọ́ ẹgbẹ́, Munirah. Alhaji kọ́ ló fún wa, kò sì tó o gbà.

Ẹ̀rù ń bà mí, n ò ní purọ́ fún ọ. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń bọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n n ò ní yẹsẹ̀.

Bá mi kí Màmá, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Ọ̀la ni wọ́n pe Husseinat. Alhaji ti ránṣẹ́ pé àga kan ṣoṣo ló wà fún àlejò ní ọ́fíìsì òun. Kò burú. Husseinat ni yóò jókòó. Èmi yóò dúró.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ aláìgbọràn,
Ràúdátù.