Ìlẹ̀kẹ̀ Pupa Tó Pẹ́ Lórí Ìṣó

                                        Ilé Sampa Atúnkẹ̀kẹ́ṣe,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà,
                                        Mungwi, lọ́nà Kasama.
                                        Ọjọ́ Kọkànlélógún, Oṣù Kẹfà, 2016.

Chomba, ọ̀rẹ́ tí mo lè sọ ọ̀rọ̀ inú fún,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń fúyẹ́? Àwọn àbúrò rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ń rí ilé ẹ̀kọ́ lọ nínú òtútù yìí? Níbí, omi inú garawa ń ta ènìyàn lọ́wọ́ bí abẹ́rẹ́ láàárọ̀. Ara mi le, ara ọkọ mi náà le. A ti ká ẹ̀wà tán, ẹ̀pà nìkan ló kù tí mò ń pa. Tí mo bá rí ẹni tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ní Ndola, màá fi díẹ̀ rán an sí yín. Má wo ìkọ̀wé mi o, ìwọ náà mọ ibi tí mo ka ìwé dé.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Inú mi dùn pé wọ́n ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ sí oṣù kẹjọ. O ní kí n sọ bí ilé ọkọ ṣe rí fún ọ, kí n má sì fi ẹnu dídùn tàn ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ibẹ̀. Ká ní orí fóònù lo ti bi mí ni, “ó dáa” ni ǹ bá sọ, ọ̀rọ̀ á tán. Ṣùgbọ́n ìwé kì í wo ènìyàn lójú. Màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Tí o bá kà á tán, fi dáná.

O mọ Ìyá Kapasa, nachimbusa mi, àwọn tí wọ́n mú mi wọlé fún odindi oṣù kan kí n tó lọ sílé ọkọ, tí wọ́n kọ́ mi ní ìwà ìyàwó. Wọ́n kọ́ mi dáadáa, n kò lè purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ní ìyàwó kì í kọ ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ orí ibùsùn, ẹnu kì í sọ ọ́, ìlẹ̀kẹ̀ ló ń sọ ọ́. Bí nǹkan oṣù bá dé, kí n fi ìlẹ̀kẹ̀ pupa kọ́ sórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ọkọ á mọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ mi. Bó bá parí, kí n fi funfun rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọ́n di ewé gbígbẹ kan sínú aṣọ fún mi, wọ́n ní kí n máa lò ó sí ojú ara kí ibẹ̀ lè gbẹ, pé bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin ṣe ń fẹ́ ẹ.

Chomba, láti ọ̀sẹ̀ kìíní ló ti ń dùn mí. Mo rò pé bó ṣe ń rí fún gbogbo obìnrin nìyẹn, mo sì fara dà á. Sampa kì í ṣe oníwàkiwà ọkùnrin, kò fi ipá bá mi lò rí. Ṣùgbọ́n nígbà tó máa fi di oṣù kejì, tí mo bá gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, inú mi á dùn pé ó dé, ara mi á sì máa sá. Ó wù mí kí n gbé oúnjẹ, ńṣímà tó gbóná, síwájú rẹ̀. Ó wù mí kó máa fi àwọn tó ń kó kẹ̀kẹ́ jákujàku wá bá a dá àpárá, kí n máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ti ìyẹ̀wù yẹn, kò sí nínú mi rárá. Mo tú inú ara mi wò bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́, n kò rí i. Mo rò pé igi ni mí. Mo gbàdúrà. Mo ro àwọn tó lè ti ṣépè fún mi. Obìnrin kan lọ́jà ta ìyẹ̀fun kan fún mi pé kí n pò ó mọ́ tíì, pé ọkọ mi ni yóò máa bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí òun sinmi. Inú rírun ni mo rí níbẹ̀.

Níbo ni mo fẹ́ gbà? N kò gbọ́dọ̀ kọ̀, n kò sì gbọ́dọ̀ sọ. Bí nǹkan oṣù mi ṣe parí lóṣù kọkànlá èṣí nìyẹn, tí mo fi ìlẹ̀kẹ̀ pupa sílẹ̀ lórí ìṣó. Mo ní kí n fi ọjọ́ méjì kún un. Ọjọ́ méjì di mẹ́rin. Lóṣù tó tẹ̀ lé e ó di mọ́kànlá. Nígbà tí ọdún tuntun fi máa wọlé, ìlẹ̀kẹ̀ funfun mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú eruku nínú àpótí.

N kò mọ̀ pé Sampa ń ro nǹkan mìíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀dọ̀ màlúù wálé. Bí kò bá jẹ́ ẹ̀dọ̀, ewé elégédé ni, ọ̀pọ̀lọpọ̀. Yóò jókòó tì mí títí n óò fi jẹ ẹ́ tán.

Màá ní, “Mo ti yó.”

Yóò ní, “Ta ló bi ọ́ bóyá o yó? Jẹ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ló ń tán lára rẹ.”

Bí mo ṣe ń jẹ ẹ̀dọ̀ lórí irọ́ nìyẹn, Chomba. Mo ń sanra, ìtìjú sì ń sanra nínú mi. Ọkùnrin náà ló ń rù. Nígbà tí ó sú u, ó lọ bá Ìyá Kapasa lọ́nà oko wọn, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má jẹ́ kí ìyàwó òun kú mọ́ òun lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Kapasa ti dé pẹ̀lú aṣọ chítẹ́ngè méjì lára, wọ́n ní kí n dìde, ilé ìwòsàn yá. A fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Sístà kan tí wọ́n ń pè ní Jere ló gbà wá, ará Ngoni ni, o sì mọ bí àwa àti àwọn ṣe máa ń fi ẹ̀fẹ̀ bú ara wa. Wọ́n kàn wò wá báyìí ni, wọ́n ní, “Ẹ̀yin Bemba nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ẹran ọ̀bọ wọ ilé ìwòsàn mi.”

Ìyá Kapasa ní, “A ò gbé e dání. A gbọ́ pé eku lẹ fi ń jẹun níbí, a ò fẹ́ ba oúnjẹ yín jẹ́.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Sístà wá bi mí pé ọjọ́ mélòó ni mo ti ń rí ẹ̀jẹ̀. Mo ní mọ́kàndínlógún. Wọ́n ṣí ìpéǹpéjú mi wò, wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ mi, wọ́n tún wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Wọ́n yíjú sí Ìyá Kapasa, wọ́n ní, “Ìyá, ẹ bá mi lọ jókòó síta díẹ̀, kí ẹ máa ṣọ́ ọ̀bọ yín.”

Nígbà tí ilẹ̀kùn padé, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ẹni tó ta ẹ̀jẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún kì í dán báyìí. Kí ló wà ńbẹ̀ gan-an?”

Chomba, mo ro gbogbo irọ́ tó kù, kò sí èyí tó wá sí ẹnu mi. Mo ní, “Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan. N kò fẹ́ ọkọ mi lórí ibùsùn ni. Mo sì fẹ́ràn rẹ̀.”

Mo rò pé wọ́n á lé mi jáde. Wọ́n fa àga wọn súnmọ́ tèmi ni. Wọ́n ní èmi kọ́ ni àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, àbí mo rò pé èmi nìkan ni mo ni àrùn náà? Wọ́n bi mí bóyá mo ń sùn dáadáa, bóyá nǹkan kan ń bà mí lọ́kàn jẹ́, bóyá mo ń lo oògùn kankan tàbí abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí, bóyá ọkọ mi ń lù mí, bóyá ó ń dùn mí. Nígbà tí mo dé orí dídùn yẹn, mo sọ ti ewé, mo sì ní bóyá igi ni mí. Wọ́n yẹ̀ mí wò, tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ mi fún àyẹ̀wò. Kò sí àrùn kankan nínú ẹ̀jẹ̀. Ara mi ló bó. Ewé yẹn ti ha ibẹ̀ di egbò wẹ́wẹ́.

Wọ́n ní, “Ìwọ ń pe ara rẹ ní igi. Ta ló máa fẹ́ràn ilẹ̀kùn tó ń há a lọ́wọ́ lójoojúmọ́? Ara rẹ gbọ́n ni, ó ń sá fún ohun tó ń dùn ún. Omi tó ń jáde lára obìnrin kì í ṣe ìdọ̀tí, bí Ọlọ́run ṣe ṣe é nìyẹn. Ojú egbò sì ni àìsàn burúkú ń gbà wọlé.”

Wọ́n ní ìdí tí ìfẹ́ ìbálòpọ̀ fi ń lọ lára obìnrin pọ̀. Ti òmíràn, oògùn tó ń lò ni. Ti òmíràn, àárẹ̀ ni, tàbí ọmọ tuntun, tàbí ìbànújẹ́, tàbí ìjà abẹ́lé tí wọn kò parí. Ìdí kọ̀ọ̀kan ní ìtọ́jú tirẹ̀, wọn kì í fi oògùn kan wo gbogbo rẹ̀, èyí tó wá burú jù ni ìyẹ̀fun inú ọjà. Wọ́n tún sọ ọ̀kan tí mo dì mú: pé ọ̀pọ̀ obìnrin kì í kọ́kọ́ rí ìfẹ́ yẹn nínú ara wọn bí ọkùnrin. “Kò sí ọjọ́ tí ebi kò pa ọ́, tí wọ́n wá gbé ńṣímà gbígbóná sílẹ̀, tí o gbọ́ òórùn rẹ̀, tí o wá rí i pé o fẹ́ jẹun?” Mo ní ó wà. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ló ń rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí oúnjẹ ti jó lẹ́nu, kó kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹnu sàn.

Wọ́n fún mi ní oògùn tí n óò máa fi pa á. Wọ́n ní kí èmi àti ọkọ mi má pàdé títí yóò fi jinná, kí a sì jọ wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n wá pe Ìyá Kapasa wọlé, wọ́n bi mí níwájú wọn bóyá mo fẹ́ kí àwọn sọ ọ́. Mo ní èmi ni n óò sọ ọ́. Mo sọ ọ́ tán, ti ewé àti ti ìlẹ̀kẹ̀.

Mo ní ó ti parí, mo ti tàbùkù àgbà. Ìyá Kapasa tún chítẹ́ngè wọn ró, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n ní, “Bàbá Kapasa, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn, oṣù méjì ni mo fi pupa dá wọn dúró lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ń bu wàrà fún mi lójoojúmọ́, wọ́n ní kí n mu ún.” Wọ́n tún ní, “Ìyá mi ló fún mi ní ewé yẹn. N kò bi í rí bóyá ó dùn ún.”

Sístà Jere kò rí ẹ̀fẹ̀ kankan fi sí i.

Ó wá ku Sampa. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ṣé yóò ní mo tan òun ni, ṣé yóò dá mi padà sílé? Ìyá Kapasa ní àwọn yóò bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ. Mo ní rárá. N kò sọ “rárá” sí àgbà rí láyé mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bó ṣe ń lẹ táyà lẹ́yìnkùlé, mo lọ jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Kò gbójú sókè. Táyà yẹn, ó lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ní, “Èmi rò pé o ń kú lọ ni.”

Mo ní, “Ẹ má bínú.”

“Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?”

“Wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ sọ.”

Ó ní, “Èmi náà, wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ bi ọ́.” Ó pa táyà tì. “Ẹ̀dọ̀ tó o ti jẹ yẹn ńkọ́, ta ló máa pọ̀ ọ́?”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri ilé ìwòsàn, ó jókòó sáàárín àwọn aboyún, fìlà lọ́wọ́, kò fara pamọ́. Inú mi dùn sí i lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tó san owó orí mi lọ. Sístà kọ́ wa bí a ó ṣe máa bá ara wa sọ̀rọ̀, pé kí a kọ́kọ́ máa fi ọwọ́ nìkan mọ ara wa, kí a má kánjú, kí ẹnikẹ́ni nínú wa lè ní “ó tó” kí èkejì má bínú. Ó pẹ́ o. Oṣù mẹ́ta, mẹ́rin. Ìgbà kan wà tí mo rò pé ìfẹ́ yẹn kò ní padà wá mọ́. Títí di ìsinsìnyí, ọjọ́ mìíràn wà tí kò sí níbẹ̀, màá sì sọ, yóò ní kò burú, kí n bá òun wá tíì.

Ìyá Kapasa ti kó gbogbo ewé tó kù nílé wọn, wọ́n dà á sí ààtàn. Ọmọge méjì ni wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n ránṣẹ́ pè mí, èmi tí n kò tíì bímọ, wọ́n ní kí n jókòó láàárín àwọn àgbà, kí n sọ tèmi. Mo bojú mọ́lẹ̀, mo sọ ọ́. Nítorí náà, tí nachimbusa tìrẹ bá gbé ewé fún ọ, fi ìrẹ̀lẹ̀ gbà á, má lò ó. Bí nǹkan kan bá dùn ọ́, sọ fún ọkọ rẹ. Bí kò bá gbọ́, wá mi wá, èmi àti Ìyá Kapasa á jọ tẹ̀ lé ọ.

Èyí tó ń wù mí láti sọ fún ọ jù ni ti ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá. A ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Oòrùn ti ń mú ilẹ̀ gbóná díẹ̀. Sampa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń tú okùn bàtà. Mo dúró nínú ilé, mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́ mi ní ohun tí mo ṣe. Mo pè é.

Ó ní, “Kí ló dé?”

Mo ní kò sí nǹkan tó dé, kó máa bọ̀.

Bá mi kí Màmá, kí o kí àwọn àbúrò rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi ń kí ọ, kò mọ ohun tí mo kọ, ó kàn ń wò mí pé mo ti kọ ìwé pẹ́ jù.

Èmi ni ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn, tí kò fi pamọ́ fún ọ,

                                        Nkandu, ìyàwó Sampa.