Bẹ́ẹ̀dì Tó Ń Gbé Bàbá Rẹ Jókòó

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ìlú ńlá tí o wà yẹn kò ní gbé ọ mì o. Èmi ìyá rẹ wà láàyè, orúnkún nìkan ló ń bá mi fa wàhálà.

Bẹ́ẹ̀dì oníná tí o rà fún bàbá rẹ ti dé, oníṣẹ́ iná sì ti tò ó. O mọ̀ pé látìgbà tí ẹsẹ̀ ti rọ bàbá rẹ, àjà nìkan ló ń wò, bí a bá sì fẹ́ gbé e jókòó, èmi àti àbúrò rẹ̀ la jọ ń wọ́ ọ bí àpò sìmẹ́ǹtì, tí yóò máa pariwo pé a fẹ́ já òun lápá.

Oníṣẹ́ iná ní mọ́tò wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ní mọ́tò kẹ̀, ta ló máa wà á? Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní mọ́tò kékeré ni, kò ju ìgò omi lọ, pé bó bá ti ń yí, àwọn irin eléyín á dín eré rẹ̀ kù kí agbára rẹ̀ lè pọ̀, wọ́n á wá yí bóòtù gígùn kan. Nọ́ọ̀tì tó wà lára bóòtù yẹn kò ráyè yí ní tiẹ̀, ló bá di dandan kó máa rìn síwájú, òun ló ń ti ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì sókè. Mo ní irọ́ ni, nítorí àbúrò bàbá rẹ ti ń yí kiri láti kékeré, kò tíì lọ síwájú.

Bàbá rẹ kọ̀ jálẹ̀, ó ní irin kò ní gbé òun bí ẹrù. Ni mo bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kó lè rí i pé kì í pànìyàn. Mo kọ́kọ́ kí mọ́tò náà kú iṣẹ́, mo tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀yìn mi gbéra. Mo tẹ òmíràn, orúnkún mi náà gbéra, ó ká mi bí ẹní. Mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ̀ mí kalẹ̀, àṣé èmi gan-an ni kò gbọ́wọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì! Ìgbà tó gbé mi dé òpin, ó dúró fúnra rẹ̀. Oníṣẹ́ iná ní swíìsì kan wà nínú rẹ̀ tó ń sọ fún un pé ó tó.

Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín, ọmọ mi. Ẹ̀rín tí mo ti gbàgbé ohùn rẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí wọ́n gbé òun síbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ojú rẹ̀ fi kan fèrèsé. Ó wo ìta pẹ́, ó wá béèrè pé ìgbà wo ni aládùúgbò wa kun ilé rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún. Mo ṣí fèrèsé náà gbayawu fún un.

Ní báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń bu oúnjẹ sẹ́nu. Bí àbúrò rẹ̀ bá sì ti wọlé wá tọrọ nǹkan, á rọra tẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, á dijú.

Jọ̀ọ́, fi owó epo jẹnẹrétọ̀ ránṣẹ́, nítorí iná lọ níjọ́ kan nígbà tó wà lókè, ó sì jókòó sùn bí ọba. Fi owó gírísì kún un, oníṣẹ́ iná ní kí n yéé fi òróró ọbẹ̀ pa bóòtù yẹn.

Ọwọ́ tí o fi ṣe èyí kò ní rọ, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ ọ̀nà, ọmọ tìrẹ náà á tọ́jú rẹ. Mo bi bàbá rẹ pé kí ni kí n bá a kọ síbí. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kí o wá, òun fẹ́ jókòó gbà ọ́ lálejò.

Èmi ni, ìyá rẹ.